ÌMỌ̀RÀN FÚN AGBO ILÉ: Asẹ́ fún Lẹ́tà Orí Kọ̀ǹpútà

 

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, a fẹ́ dá ìyá kan lóhùn, ẹni tí í ṣe akọ̀wé Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin ní ìjọ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó kọ̀wé sí wa pé lẹ́tà tí ń wọ inú kọ̀ǹpútà ilé òun àti ti ẹgbẹ́ wọn ti pọ̀ ju èyí tí ènìyàn lè kà lọ. Bí mẹ́wàá bá dé ní òwúrọ̀, bóyá ni méjì nínú wọn yóò jẹ́ ti ẹni tí òun mọ̀. Àwọn ìyókù a máa sọ̀rọ̀ nípa ogún olówó gọbọi tí kò ní àrólé ní òkè òkun, nípa oògùn kan ṣoṣo tí ń wo gbogbo àrùn, nípa iṣẹ́ tí kò ní làálàá, àti nípa ìfẹ́ àjèjì tí a kò rí rí. Ó wá béèrè pé, "Bàbá Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́ sà, ǹjẹ́ ọ̀nà kan wà tí a lè gbà dá wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí àwọn ọmọ mi má baà máa kà wọ́n?"

Ọ̀nà wà, ìyá wa. A ó sì là á kalẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, nítorí a mọ̀ pé kì í ṣe ilé tiyín nìkan ni ọ̀ràn yìí ti ń yọ ènìyàn lẹ́nu.

Kò sí ìyá tí ó ti po ògì rí tí kò mọ ohun tí asẹ́ wà fún. Bí a bá lọ àgbàdo tán, a ó bù ú sínú asẹ́, a ó da omi sí i. Ògì yóò sọ̀ kalẹ̀ sínú ìkòkò, èèrí yóò sì kù sókè. Irú asẹ́ bẹ́ẹ̀ wà fún lẹ́tà pẹ̀lú. Ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní spam, èyí tí a ó máa pè ní lẹ́tà pàǹtí níhìn-ín, ni èèrí rẹ̀. Orúkọ ẹran inú agolo kan ni spam í ṣe ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tà ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1937. Ní 1970, àwọn aláwàdà kan ṣe eré lórí tẹlifíṣọ̀n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú èyí tí wọ́n ń pe orúkọ ẹran náà léraléra títí a kò fi gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́. Nígbà tí lẹ́tà àìbéèrè bẹ̀rẹ̀ sí bo lẹ́tà gidi mọ́lẹ̀ bákan náà, orúkọ yìí ni wọ́n fún un. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a gbọ́ pé irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ni ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún ọdún 1978, nígbà tí Gary Thuerk, tí ó ń ta kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà, fi lẹ́tà ìpolówó kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí nǹkan bí 400 ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà, láìjẹ́ pé wọ́n béèrè fún un.

Asẹ́ méjì ni lẹ́tà ń gbà kọjá kí ó tó dé ojú wa. Èkínní wà lọ́dọ̀ àwọn tí ń bá wa gba lẹ́tà pamọ́, bíi Google àti Yahoo, tí a lè fi wé ilé ìfìwéránṣẹ́. Èkejì wà nínú kọ̀ǹpútà tiwa fúnra wa, nínú ètò tí a fi ń ka lẹ́tà. Ọ̀kan nínú irú ètò bẹ́ẹ̀ ni Thunderbird, tí àwọn Mozilla ṣe, tí odindi ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2004. Ọ̀fẹ́ ni, a kì í san kọ́bọ̀ lé e lórí. Ó dára fún ọ́fíìsì ìjọ àti fún ilé tí kì í ní dátà nígbà gbogbo, nítorí pé bí a bá ti gba lẹ́tà sínú rẹ̀ tán, a lè jókòó kà á ní wọ́ọ́rọ́wọ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Òun ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ lónìí. Bí ètò tí ẹ ń lò bá jẹ́ òmíràn, orúkọ àwọn ibi tí ẹ ó tẹ̀ lè yàtọ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni.

Bí a ti í gbé asẹ́ náà kalẹ̀ nìyí.

Èkínní, ẹ ṣí Thunderbird. Ẹ tẹ àmì ìlà mẹ́ta tí ó wà ní igun òkè, kí ẹ sì yan "Account Settings". Lábẹ́ àdírẹ́sì yín, ẹ ó rí "Junk Settings". Ẹ tẹ̀ ẹ́. Bí àdírẹ́sì méjì bá wà nínú kọ̀ǹpútà kan náà, ọ̀kan ti ilé, ọ̀kan ti ìjọ, ẹ ní láti ṣe ti ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀.

Èkejì, ẹ fi àmì sí iwájú ọ̀rọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Enable adaptive junk mail controls". Èyí ni ó ń jí asẹ́ náà sí iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà "adaptive" túmọ̀ sí pé asẹ́ yìí ń kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ń lò ó; a ó padà sí èyí láìpẹ́.

Ẹ̀kẹta, lábẹ́ rẹ̀ ni ẹ ó ti rí orúkọ àwọn ìwé àdírẹ́sì yín. Ẹ fi àmì sí wọn, kí asẹ́ má baà gbá lẹ́tà ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú wọn mọ́ pàǹtí. Lẹ́yìn náà kí ẹ jókòó, kí ẹ kọ àdírẹ́sì gbogbo ẹni yín sínú rẹ̀: pásítọ̀, àwọn díákónì, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ, dókítà, àwọn ẹbí tí ó wà ní ìdálẹ̀. Iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan ni, èrè rẹ̀ sì pọ̀.

Ẹ̀kẹrin, níbi tí wọ́n kọ "Move new junk messages to" sí, ẹ fi àmì sí i, kí ẹ sì yan àpò "Junk". Láti ìgbà náà lọ, lẹ́tà tí asẹ́ bá fura sí yóò máa lọ sínú àpò yẹn.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ ó rí ibi tí ètò náà ti ń béèrè bóyá kí òun máa pa lẹ́tà pàǹtí rẹ́ fúnra òun lẹ́yìn iye ọjọ́ kan. Ọjọ́ 14 ni ó sábà máa ń dá lábàá. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ má ṣe fi àmì sí i. A ó sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ̀kẹfà, ẹ padà sí ìlà mẹ́ta nì, kí ẹ yan "Settings", lẹ́yìn náà "Privacy & Security". Ní ibẹ̀, níbi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa Junk, ẹ yàn pé kí lẹ́tà tí ẹ̀yin fúnra yín bá dá lẹ́bi máa lọ sínú àpò Junk, kí ó má ṣe parẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ rí i pẹ̀lú pé àmì wà níwájú ọ̀rọ̀ tí ń sọ pé kí ètò náà kìlọ̀ fún yín bí lẹ́tà kan bá jọ ti oníjìbìtì. Ohun kan wà ní ojú ewé yìí kan náà tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn: èyí tí ń jẹ́ kí àwòrán inú lẹ́tà wọlé láti ọ̀nà jíjìn. Bí a bá ti ṣí ìlẹ̀kùn fún àwòrán bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó fi lẹ́tà ránṣẹ́ lè mọ̀ pé a ti ṣí lẹ́tà òun, àti pé àdírẹ́sì yìí ní olúwa; yóò sì tún fi púpọ̀ sí i ránṣẹ́.

Nísinsìnyí, asẹ́ ti wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì mọ nǹkan kan. Ó dàbí ọmọ ọ̀dọ̀ tí ó dé láti abúlé ní àná, tí a ní kí ó máa dúró lẹ́nu ọ̀nà: bí a kò bá fi ọ̀rẹ́ hàn án, tí a kò sì fi olè hàn án, báwo ni yóò ti mọ̀ wọ́n? Bí lẹ́tà pàǹtí bá wọ àpò Inbox yín, ẹ tẹ lẹ́tà J lórí bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà. Àmì iná kékeré yóò yọ sí i, yóò sì lọ sínú àpò Junk. Bí asẹ́ bá ṣèèṣì mú lẹ́tà rere, ẹ lọ sínú àpò Junk, kí ẹ di bọ́tìnnì Shift mú, kí ẹ sì tẹ J, èyí ń sọ fún un pé, "Má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, ẹni wa ni èyí." Ẹ má ṣe fi búburú nìkan hàn án. Ẹ fi púpọ̀ nínú lẹ́tà rere hàn án pẹ̀lú, nípa fífi Shift àti J sàmì sí wọn. Asẹ́ tí ó mọ olè ṣùgbọ́n tí kò mọ ọ̀rẹ́ yóò máa fura sí gbogbo ènìyàn. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: ẹ ṣe èyí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ ó rí ìyàtọ̀.

Inú àwa tí a jẹ́ onígbàgbọ́ yóò dùn láti gbọ́ ibi tí ọgbọ́n asẹ́ yìí ti ṣẹ̀ wá. Ọ̀dọ̀ òjíṣẹ́ ìhìnrere kan ni. Thomas Bayes jẹ́ àlùfáà ìjọ Presbyterian ní ìlú Tunbridge Wells ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì kú ní ọdún 1761. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Richard Price, tí òun náà jẹ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run, rí ìwé ìṣirò kan láàrin àwọn ẹrù ìwé rẹ̀, ó sì mú kí ó dé iwájú ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù, tí à ń pè ní Royal Society, ní 1763. Ohun tí ìwé náà wádìí ni bí ènìyàn ṣe lè ti inú ohun tí ó ti rí mọ bí ó ti yẹ kí òun gba ohun tí òun kò tíì rí gbọ́ tó. Ìwé yìí wà nílẹ̀ fún ohun tí ó lé ní 200 ọdún kí àwọn onímọ̀ kan tó fi ọgbọ́n rẹ̀ dán lẹ́tà pàǹtí wò ní 1998. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2002, Paul Graham kọ ìwé kan tí ó mú kí ọgbọ́n náà tàn kálẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò díẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Kí a sọ pé akọ̀wé kan ti fi lẹ́tà pàǹtí 100 àti lẹ́tà rere 100 han asẹ́ rẹ̀. Asẹ́ kà á pé ọ̀rọ̀ "inheritance", èyí tí í ṣe ogún, wà nínú pàǹtí 20 àti nínú lẹ́tà rere 5. Nítorí náà, bí lẹ́tà titun bá dé tí ọ̀rọ̀ yìí wà nínú rẹ̀, ìfura rẹ̀ jẹ́ 4 sí 1. Ọ̀rọ̀ "urgent", tí í ṣe kánjúkánjú, wà nínú pàǹtí 30 àti nínú rere 10. Èyí jẹ́ 3 sí 1. Bí méjèèjì bá pàdé nínú lẹ́tà kan, asẹ́ a sọ 4 di ìlọ́po mẹ́ta, ìfura a sì di 12 sí 1. Ṣùgbọ́n kí a sọ pé ọ̀rọ̀ "choir", tí í ṣe ẹgbẹ́ akọrin, tún wà nínú lẹ́tà kan náà, asẹ́ sì ti rí i nínú pàǹtí 1 péré àti nínú rere 24. Yóò fi 12 ti ẹ̀gbẹ́ kan kojú 24 ti ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìfura a rọlẹ̀ di 1 sí 2. Nínú irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ mẹ́ta, méjì ni yóò jẹ́ ti ẹni rere. Bóyá olórí akọrin ni ó ń kọ̀wé ní kánjúkánjú nípa ogún bàbá rẹ̀. Asẹ́ kò ní dá a lẹ́bi nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo; gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni yóò gbé lé orí òṣùwọ̀n.

Ẹ ó rí i níhìn-ín ìdí tí asẹ́ ilé kan kò fi lè jọ ti ilé kejì. Asẹ́ oníṣòwò pákó yóò mọ ọ̀rọ̀ pákó. Ti akọ̀wé ìjọ yóò mọ ọ̀rọ̀ ìjọ. Bí ẹ bá ń kọ Yorùbá sí ara yín, ọ̀rọ̀ Yorùbá ni yóò kọ́.

Níhìn-ín ni ọ̀ràn àwa onígbàgbọ́ ti le díẹ̀. Àwọn oníjìbìtì mọ̀ pé àánú a máa ṣe wá. Nítorí náà, aṣọ wa ni wọ́n ń wọ̀ wá sí ọ̀dọ̀ wa. Wọn a kọ ọ́ pé opó ni àwọn, pé àìsàn ti mú àwọn dùbúlẹ̀, pé àwọn fẹ́ fi owó ọkọ àwọn tí ó ti kú kọ́ ilé ìjọsìn àti ilé àwọn ọmọ aláìníbaba. Wọn a kí wa ní orúkọ Olúwa ní ìbẹ̀rẹ̀, wọn a sì súre fún wa ní ìparí. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí gan-an ni àwọn ìyá ìjọ ń kọ sí ara wọn tọkàntọkàn. Asẹ́ tí ẹlòmíràn kọ́ lè dá gbogbo wọn lẹ́bi pa pọ̀, tàbí kí ó jẹ́ kí gbogbo wọn kọjá. Ọwọ́ ẹni tí ó mọ ohùn àwọn ará rẹ̀ ni ó lè kọ́ ọ dáadáa. Nítorí èyí, ìyá wa, ẹ má ṣe fi iṣẹ́ yìí lé àwọn ọmọ kékeré lọ́wọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ wọn yá lórí kọ̀ǹpútà ju ti wa lọ. Bí wọ́n bá sì ti ṣe é tí wọ́n fi sàmì sí ohun gbogbo láìwo ojú, bọ́tìnnì kan wà ní "Privacy & Security" tí à ń pè ní "Reset Training Data"; òun ni yóò nu gbogbo ẹ̀kọ́ àtẹ̀yìnwá, tí ẹ ó sì tún bẹ̀rẹ̀.

A ti ṣèlérí láti sọ ìdí tí a fi ní kí ẹ má ṣe jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa pa lẹ́tà rẹ́ fúnra rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí a mọ̀ ní Ọ̀yọ́ wá iṣẹ́ fún ọdún méjì gbáko. Lẹ́tà tí ó pè é láti wá fún ìdánwò ẹnu dé. Nítorí pé ẹni tí kò mọ̀ rí ni ó kọ ọ́, tí ọ̀rọ̀ owó oṣù sì wà nínú rẹ̀, ó wọ inú àpò Junk. Ní ọjọ́ tí ó rí i, ọjọ́ ìdánwò ti kọjá. Ìyá rẹ̀ sunkún. Nínú ilé tí owó oṣù ẹnìkan ń bọ́ ènìyàn mẹ́fà, irú àdánù bẹ́ẹ̀ wúwo ju pàǹtí ẹgbẹ̀rún kan lọ.

Ẹ rántí òwe Olúwa wa nípa àlìkámà àti èpò, tí ó wà nínú ìwé Mátíù orí 13. Àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ fẹ́ fa èpò tu lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ṣùgbọ́n baálé ilé dá wọn dúró, nítorí ó mọ̀ pé ọwọ́ tí ń yára fa èpò lè fa àlìkámà pẹ̀lú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kí a ṣe pẹ̀lú àpò Junk. Ìyá tí ó sẹ́ ògì a máa fi ọwọ́ ro èèrí wò kí ó tó gbé e fún ewúrẹ́. Ẹ yan ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀, bóyá ìrọ̀lẹ́ Sátidé, kí ẹ ṣí àpò Junk, kí ẹ ka orúkọ àti àkọlé nìkan, kí ẹ yọ ti rere, lẹ́yìn náà kí ẹ pa ìyókù rẹ́. Bí ẹ bá sì ń gba lẹ́tà ní ọ̀nà tí à ń pè ní POP, ẹ mọ̀ pé ohun tí asẹ́ ti ilé ìfìwéránṣẹ́ bá mú kì í sábà dé inú kọ̀ǹpútà yín rárá. Ẹ ní láti wọ ojú ewé Google tàbí ti Yahoo lọ wò ó níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ IMAP ni, àpò méjèèjì yóò hàn sí yín.

Lẹ́tà kan wà tí asẹ́ kì í lè mú. Ẹni kan yóò kọ̀wé sí akápò ẹgbẹ́ ní orúkọ pásítọ̀ pé, "Mo wà nínú ìpàdé, n kò lè gba ìpè. Jọ̀wọ́ bá mi ra káàdì kan, kí o fi nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ ránṣẹ́. N ó san án padà ní ìrọ̀lẹ́." Kò sí ogún nínú rẹ̀, kò sí mílíọ̀nù, kò sí oògùn. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni, ó sì jọ ti ẹni tí a bọ̀wọ̀ fún. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí: níhìn-ín, ojú tiwa ni asẹ́.

Àwọn bàbá wa ní Ọ̀yọ́ mọ ọ̀ràn yìí kí ìwé kíkọ tó dé. Bí Aláàfin bá rán iṣẹ́ sí ìlú mìíràn, kì í ṣe ẹnikẹ́ni ni ó ń rán. Ìlàrí ni, ẹni tí a fá apá kan orí rẹ̀ tí a sì dá apá kejì sí, tí ojú gbogbo fi mọ̀ pé láti ààfin ni ó ti ń bọ̀. Àwọn ará ìlú náà a máa fi àrokò ránṣẹ́ sí ara wọn. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a sín pọ̀ ń wí pé ọkàn mi fà sí ọ. A kì í wo dídùn ẹnu oníṣẹ́ nìkan, a máa ń wo àmì tí ó wà lára rẹ̀. Lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà náà ti ní àmì irú bẹ́ẹ̀, tí à ń pè ní SPF, DKIM àti DMARC, èyí tí àwọn ilé ìfìwéránṣẹ́ fi ń wádìí bóyá ibi tí lẹ́tà sọ pé òun ti wá ni ó ti wá nítòótọ́. Láti oṣù kejì ọdún 2024, Google àti Yahoo ti bẹ̀rẹ̀ sí béèrè àmì wọ̀nyí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ yanturu. Ṣùgbọ́n kò sí àmì tí ó lè dí ẹni tí ó ṣí àdírẹ́sì titun lónìí lọ́wọ́ láti kọ orúkọ pásítọ̀ yín sí iwájú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe ka orúkọ nìkan. Ẹ ka gbogbo àdírẹ́sì dé òpin. Kí ìjọ sì ṣe é ní òfin pé a kì í san owó nítorí lẹ́tà nìkan: kí a pe ẹni náà lórí nọ́ńbà tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí ènìyàn méjì sì fọwọ́ sí i kí owó tó jáde.

Ẹ̀yin ará, a kò lè fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ láì sọ èyí tí ó dun ni jù. Lẹ́tà ìtànjẹ kì í ṣe ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Àwọn ará Yúróòpù ti ń fi irú rẹ̀ jẹ ara wọn ṣáájú. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ní ilẹ̀ wa pẹ̀lú. Ní oṣù kejìlá ọdún 1920, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ P. Crentsil, tí ó pe ara rẹ̀ ní Ọ̀jọ̀gbọ́n Oníṣẹ́ Ìyanu, kọ̀wé láti Nàìjíríà sí ẹnìkan ní Gold Coast, ó ń fi agbára òkùnkùn tàfàlà fún un bí ó bá lè san owó. Ní ọdún kejì, àwọn ọlọ́pàá fi ẹ̀sùn kàn án lábẹ́ òfin ìwà ọ̀daràn, tí abala 419 wà nínú rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni nọ́ńbà yìí ti di orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ wá sí. Asẹ́ kan wà tí ó gbajúmọ̀ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ púpọ̀, tí à ń pè ní SpamAssassin, tí ó jáde ní 2001. Nínú àwọn òfin rẹ̀ àtijọ́, àwọn kan wà tí wọ́n fi orúkọ Nàìjíríà gan-an pè, nítorí irú lẹ́tà tí a kọ́ wọn láti máa wá.

Ẹ rò ó wò. Ògbómọ̀ṣọ́ ni ilé ẹ̀kọ́ gíga LAUTECH wà láti 1990, ibẹ̀ náà ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù Baptist ti bẹ̀rẹ̀ ní 1898. Ọ̀yọ́ ni a gbé St. Andrew's College sí ní 1896, níbi tí a ti kọ́ ọ̀pọ̀ olùkọ́ àti katikísì, tí Ajayi Crowther University sì wà lónìí. Lẹ́tà ọmọ tí ó kàwé ní àwọn ìlú wọ̀nyí, tí ó ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tàbí fún iṣẹ́ ní ìlú òkèèrè, ń rìn ní ọ̀nà kan náà pẹ̀lú lẹ́tà oníjìbìtì, ìfura tí a fi ń wo èkejì a sì máa ta bá a. Ìgbà púpọ̀ ni àjọ EFCC, tí a dá sílẹ̀ ní 2003, ti kéde pé òun mú àwọn ọ̀dọ́ tí òun fura sí fún jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti ní ibòmíràn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Òfin tí a ṣe ní 2006 kò fi ṣeré: ẹni tí a bá dá lẹ́bi jìbìtì bẹ́ẹ̀ kò ní lọ sí ẹ̀wọ̀n ní ọdún tí ó dín ní 7, ó sì lè tó 20, láìsí ànfààní owó ìtanràn.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Bí ọmọ kò bá ní iṣẹ́ tí a lè tọ́ka sí, tí kì í sùn lóru nítorí kọ̀ǹpútà, tí ó sì gbé mọ́tò wọ agbo ilé, kí bàbá rẹ̀ béèrè ibi tí ó ti rí owó, kí ìyá rẹ̀ má sì ṣe bá a jó títí yóò fi dáhùn. Opó tí ó wà ní Jámánì tàbí ní Amẹ́ríkà, tí a fi ọ̀rọ̀ dídùn gba owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, ìyá ẹnìkan ni òun náà. Bí a bá ń kọ́lé lọ́wọ́ wa fún asẹ́ tí yóò dáàbò bo àwọn ọmọ wa lọ́wọ́ lẹ́tà búburú, ó yẹ kí a mọ̀ bóyá láti yàrá ilé wa ni irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ti ń jáde lọ bá ọmọ ẹlòmíràn.

Ìyá wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, èsì wa nìyí. Ẹ gbé asẹ́ kalẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kan. Ẹ kọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ní rere àti ní búburú. Ẹ máa yẹ èèrí wò ní Sátidé. Ẹ má ṣe fèsì fún lẹ́tà pàǹtí, ìbáà ṣe láti bú ẹni tí ó kọ ọ́. Ẹ má ṣe tẹ ìlà tí ó ní kí ẹ tẹ̀. Ẹ má sì ṣe fi ọ̀rọ̀ aṣínà yín tàbí nọ́ńbà ìfowópamọ́ yín fún ẹnikẹ́ni nípa lẹ́tà. Nígbà tí àwọn ọmọ bá ti ibi ẹ̀kọ́ dé, ẹ pè wọ́n jókòó, kí ẹ fi méjì tàbí mẹ́ta nínú àwọn pàǹtí náà hàn wọ́n, kí ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí irọ́ wà nínú rẹ̀. Ọmọ tí ó bá lè tọ́ka sí irọ́ nínú lẹ́tà àjèjì lónìí, kò ní rọrùn láti tàn án jẹ lọ́la. Yóò sì tì í lójú láti kọ irú rẹ̀.

Ẹ bá wa kí gbogbo ẹgbẹ́. Kí Olúwa kí ó máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ yín. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ Olúwa,
AKỌ̀WÉ ÌJỌ